Agbọ̀n Ẹ̀gẹ́ Kan, Ẹ̀kọ́ Kan

Ìlú wa ni wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ,
ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, nílé Màmá ní Màsífà,
ẹ̀kọ́ ló ń dé kí ọkà tó jinná.
Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ kì í gbọ́ ti ìkòkò.
Mo ti bọ́jú, mo ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ní kọ́là,
ìró àná ni mo ró sídìí.
Ta ni yóò rí ìdí lójú fóònù?

Kíláàsì mi ò ju àpótí kan lọ,
àpótí tí wọ́n ń jókòó lé fọṣọ,
àti fèrèsé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà wọlé
bí àlejò tó ń bẹ̀rù ajá.

Lọ́jọ́ kìíní, Màmá wò mí títí.
"Àwẹ̀ró, o jókòó lásán, ò ń wo fóònù.
Gbé korobá, omi ti tán nínú àmù."
Mo ní, "Màmá, ilé ìwé ni mo wà."
Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn,
ó wo ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi,
ó ní, "Òun náà ńkọ́, kíláàsì kelòó ló wà?"

Ẹ má rò pé ewúrẹ́ ni wàhálà mi.
Ìka mi ni.
Ìka tí mo fi ń ṣí ìwé ìṣirò owó
ló ń yọ́ kẹ́lẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń jó,
síbi tí ológbò kan ti ń bọ́ sínú garawa.
Mo ní kí n wò ó fìrí.
Fìrí di wákàtí,
dátà irínwó náírà bá ológbò wọ garawa.
Nígbà tí mo fi padà,
Ọ̀gbẹ́ni Oyèdòkun ti kúrò lórí gbèsè, ó ti dé orí èrè,
ojú rẹ̀ wá gan
bí fọ́tò olóògbé lára kàlẹ́ńdà,
ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.
N ò mọ ohun tó fẹ́ sọ títí dòní.

Ìdánwò àkọ́kọ́: mọ́kànlá nínú ogójì.
N ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo lọ pọnmi sí àmù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ẹ̀gẹ́ dé láti oko ọ̀nà Ìrẹsà.
Màmá jókòó tì í, tòun ti ọ̀bẹ.
Ọ̀bẹ ń lọ, èèpo ń jábọ́,
ara ẹ̀gẹ́ ń yọ funfun bí eyín ọmọ tuntun.
Ìyá Gbádébọ̀ kí i láti ojú ọ̀nà,
imú ló fi dáhùn.
Ìgbà tí agbọ̀n kún
ló tó na ẹ̀yìn, ló tó béèrè ọmọ, béèrè ọkọ,
ló tó fi áṣáà sẹ́nu.
Ó tún fa agbọ̀n mìíràn.

Mo ní, háà.

Láti ọjọ́ náà, n ò wo aago mọ́.
Mo ti ń fa ẹ̀kọ́ wọ inú fóònù lóru, nígbà tí dátà ò wọ́n;
ilẹ̀ á mọ́, mo á ti ilẹ̀kùn mọ́ ológbò.
Bí ọ̀bẹ Màmá bá ń lọ, bírò mi ń lọ.
Agbọ̀n kún, èmi náà á dìde,
mo á rìn dé ìdí igi kajú,
mo á ka èso tó pọ́n, mo á padà.
Iná lọ? Kó máa lọ.
Ohun tí mo ti kọ sínú ìwé kò béèrè iná.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n wá pè mí kí n wá bá wọn gbé bẹ́ǹṣì.
Mo gbọ́ ohùn Màmá lójúde:
"Àwẹ̀ró ò sí nílé."
"Màmá, ẹsẹ̀ rẹ̀ la ń wò yìí."
"Ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ rí.
Ó wà nílé ìwé. Ẹ jẹ́ kí agbọ̀n kún."

Ìdánwò kejì: mẹ́rìnlélógún.
Kò tíì pọ̀. Mo sọ fún Màmá.
Ó ní agbọ̀n àkọ́kọ́ tí òun bẹ láyé òun,
ìdajì ẹ̀gẹ́ ló bá èèpo lọ,
ewúrẹ́ ló yó.